Kòkòrò tó ń gbé inú fùkù: ìtàn òtútù àyà kan àti ara tí kò lágbára mọ́

Kò sí ẹni tó dàgbà nílùú wa tí kò mọ Septrin. Ọmọ wúkọ́, Septrin. Ọmọ yàgbẹ́ gbuuru, Septrin. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ìtàn àrùn ẹ̀dọ̀fóró, a kò mọ̀ pé oògùn yìí gan-an la máa bá pàdé lójú ọ̀nà, ní Memphis, ní Los Angeles, títí dé Lusaka. Ìtàn náà gùn ju bí a ṣe rò lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹranko kéékèèké.

Ní ọdún 1909, Carlos Chagas, dókítà ará Brazil tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àrùn kan, ń yẹ fùkù àwọn ẹranko kan wò, àwọn tó ti kó kòkòrò àrùn náà sí lára. Ó rí àwọn nǹkan róbótó-róbótó kan níbẹ̀, ó sì rò pé ara kòkòrò tí òun ń wá ni wọ́n. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Antonio Carini, ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní São Paulo, rí nǹkan kan náà nínú fùkù eku, òun náà sì ṣì í mú. Tọkọtaya kan tó ń jẹ́ Delanoë ló wá rí àṣìṣe náà ní Paris ní ọdún 1912. Eku inú gọ́tà ni wọ́n yẹ̀ wò, eku tí kòkòrò Chagas kò sí lára wọn rárá, síbẹ̀ nǹkan róbótó náà wà nínú fùkù wọn. Wọ́n ní ohun ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Pneumocystis carinii láti fi yẹ́ Carini sí. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí, nítorí kò jọ ohun tó ń pa ènìyàn.

Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ojú wá là sí i. Nínú àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí ní àárín gbùngbùn Yúróòpù, òtútù àyà kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ìkókó. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń mú. Àwọn tí oṣù wọn kò pé kí wọ́n tó bí wọn ló ń mú, àti àwọn tí ebi ti sọ di egungun. Ọmọ á máa mí gúlegúle, ètè rẹ̀ á máa dúdú bí aró. Ní ọdún 1952, Josef Vaněk àti Otto Jírovec ní Czechoslovakia fi hàn pé Pneumocystis tí gbogbo ayé ti gbàgbé ló wà nínú fùkù àwọn ọmọ wọ̀nyí. Orúkọ Jírovec ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ tó ń mú ènìyàn lónìí: Pneumocystis jirovecii.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí a fẹ́ kọ àròkọ yìí. Ní ọdún 1962 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn St. Jude sí ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, fún àwọn ọmọ tí àrùn burúkú bíi jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá jà. Oògùn tuntun ń jáde fún jẹjẹrẹ nígbà náà. Oògùn náà ń pa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó tún ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara. Ọmọ á bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ tán, òtútù àyà á wá mú un lọ. Walter Hughes, dókítà kan níbẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fún àwọn eku ní oògùn tó ń sọ agbára ìdènà àrùn di aláìlera, Pneumocystis sì jí dìde nínú fùkù wọn. Kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ara àwọn eku yìí ni Hughes ti dán oògùn wò, ó sì rí i pé àpapọ̀ oògùn méjì kan ń ṣẹ́gun kòkòrò náà. Àpapọ̀ oògùn yẹn ni Septrin. Ní ọdún 1977, ó tẹ àbájáde iṣẹ́ tó ṣe láàárín àwọn ọmọ 160 jáde. Ìdajì wọn lo oògùn náà kí àìsàn tó dé, ìdajì yòókù lo ayédèrú tí kò ní oògùn nínú. Nínú àwọn 80 tó lo ayédèrú, òtútù àyà mú 17. Nínú àwọn 80 tó lo Septrin, kò mú ẹyọ kan. A ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló dé tí ara tó le kò fi ń mọ̀ pé kòkòrò yìí wà? Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú kún fún kòkòrò àìfojúrí. Irun tín-ín-rín inú ọ̀nà ọ̀fun ń gbá wọn sókè, ikọ́ ń gbé wọn jáde. Èyí tó bá yọ́ wọlé dé inú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó wà nínú fùkù, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò ń dúró dè é níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun yìí nílò ẹni tó ń pàṣẹ, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní CD4 ló ń ṣe bí balógun wọn. Lára ẹni tó lera, ó máa ń tó 500 sí 1,500 nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó kéré gan-an sí ẹ̀kán kan. Bí ó bá ti wálẹ̀ kọjá 200, ọ̀nà ṣí fún Pneumocystis. Ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn ló ti bá kòkòrò náà pàdé kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́rin, láìmọ̀. (Kì í tilẹ̀ ṣe irú kòkòrò tí wọ́n rò. Ní ọdún 1988 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ìdílé olú ló ti wá, olú tí à ń ká nínú igbó.) Ebi, ọjọ́ ogbó, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọtí àmupara, gbogbo wọn náà ló ń ṣínà fún oríṣiríṣi òtútù àyà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ìgbà tó fi máa di ọdún 1981, ògiri ti lanu níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àjàkálẹ̀ àrùn ló ń pín oògùn kan tó ń jẹ́ pentamidine fún àwọn dókítà, nítorí kò sí i lọ́jà níbẹ̀. Oògùn àrùn sunrunsunrun ni ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ń wo òtútù àyà Pneumocystis pẹ̀lú. Sandra Ford, òṣìṣẹ́ tó ń gba ìwé ìbéèrè oògùn náà, ṣàkíyèsí pé ìbéèrè ń wá ṣáá fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí kò ní jẹjẹrẹ, tí kò sì sí ìdí tí ara wọn fi yẹ kó dẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 1981, iléeṣẹ́ náà tẹ ìròyìn kúkúrú kan jáde tí Michael Gottlieb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ láti Los Angeles. Ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún, ọjọ́ orí wọn jẹ́ 29 sí 36, ni òtútù àyà àwọn ìkókó Yúróòpù mú. Méjì ti kú kí ìròyìn náà tó jáde. Báyìí ni ayé ṣe kọ́kọ́ gbọ́ nípa àrùn éèdì, láti ẹnu fùkù. Ọdún 1983 ni wọ́n tó rí kòkòrò HIV fúnra rẹ̀ ní Paris, kòkòrò tó jẹ́ pé CD4 gan-an ló ń pa.

Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè kò lè kọjá láìsọ̀rọ̀ orúkọ. Yorùbá pe àìsàn inú fùkù yìí ní òtútù àyà, bí ẹni pé òtútù ló fà á. Ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ń wé ọmọ mọ́lẹ̀ nínú aṣọ mẹ́ta nítorí orúkọ yẹn, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa wo bí àyà ọmọ ṣe ń jì. Ọ̀rọ̀ àjẹsára dára jù: oògùn tí àwọn àgbà ń jẹ sí ara kí ibi má baà ràn wọ́n ni, ó sì bá ohun tí à ń sọ mu rẹ́gí. Èyí tí inú wa kò dùn sí ni àrùn kògbóògùn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni àpapọ̀ oògùn tó ń so HIV mọ́lẹ̀ ti wà, tí CD4 fi ń gòkè padà. Àrùn náà ti gbọ́ oògùn, kódà bí kò tíì lọ pátápátá. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́, orúkọ yẹn sì ń lé àwọn kan sá fún àyẹ̀wò, nítorí kí ni ẹni tí kò sí oògùn fún fẹ́ lọ ṣe nílé ìwòsàn?

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ikọ́ awúgbẹ ló kọ́kọ́ ń dé bá àwọn àgbà tí HIV ti mú. Robert Koch ti fi kòkòrò rẹ̀ han ayé láti ọdún 1882. Ẹni tí kòkòrò ikọ́ awúgbẹ ń sùn lára rẹ̀, tí ara rẹ̀ le, ó lè máà jí ní gbogbo ayé onítọ̀hún. Bí mẹ́wàá bá wà nínú irú wọn, ọ̀kan péré ló máa ń jí lára rẹ̀. Bí HIV bá bá a níbẹ̀ tí kò sí ìtọ́jú, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá lọ́dọọdún. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú àwọn tí éèdì pa wò ní Abidjan ní ọdún 1991, ikọ́ awúgbẹ ló pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò àwọn aboyún fi hàn pé HIV gòkè láti ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 1991 dé 5.8 ní ọdún 2001. Nílé púpọ̀, ohun tí wọ́n sọ nígbà ìsìnkú ni pé ikọ́ ló pa á. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti fi wúwo. Fẹlá kú ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1997. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, dókítà àwọn ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó sì sọ pé éèdì ló fa ikú àbúrò òun. Àwọn kan bínú, àwọn kan kò gbà á gbọ́. Ní tiwa, a kò mọ ohun mìíràn tí ẹnì kan sọ lọ́dún náà tó ṣe àǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ìkókó ló tún gba ìyókù ìtàn yìí. Àwọn ọmọ tí HIV ràn láti ara ìyá wọn ni Pneumocystis ń mú jù nílẹ̀ wa, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn ìbí. Láàárín ọdún 2001 sí 2003, ní Lusaka, olú ìlú Zambia, wọ́n fún ìdajì àwọn ọmọ 541 tó ní HIV ní Septrin lójoojúmọ́, wọ́n sì fún ìdajì yòókù ní ayédèrú, nítorí àwọn kan rò pé oògùn náà kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́ níbi tí wọ́n ti ń lò ó nílòkulò. Ikú dín ní ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó lo oògùn. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí kò tọ́ láti máa fún ọmọ ní ayédèrú mọ́. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde pé kí ọmọ tí ìyá tó ní HIV bá bí bẹ̀rẹ̀ sí í lo Septrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn ìbí. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín.