Ẹ̀jẹ̀ Inú Okùn Ìwọ́: Láti Ara Ibi Ọmọ Dé Ara Aláìsàn

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1988, ní Hôpital Saint-Louis nílùú Paris, Dókítà Eliane Gluckman fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan lára. Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé ọmọ náà wá. Fanconi anaemia ló ń bá a jà, àrùn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí mùdùnmúdùn inú egungun pèsè ẹ̀jẹ̀ tó tó. Inú okùn ìwọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ ìyá wọn, tí Hal Broxmeyer àti ikọ̀ rẹ̀ ní Indiana sì mú kó dì gbagidi títí dọjọ́ ìtọ́jú. Ọmọ náà yè, ó sì dàgbà.

Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ló ṣiṣẹ́ yẹn: sẹ́ẹ̀lì tó lè bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, èyí tó ń bá àrùn jà, àti èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ọgbẹ́. James Till àti Ernest McCulloch ló fi ara eku fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Toronto lọ́dún 1961 pé ó wà nínú mùdùnmúdùn egungun. Ṣáájú iṣẹ́ Gluckman, ibẹ̀ làwọn dókítà ti ń wá a.

Lọ́dún 1992, Pablo Rubinstein dá báńkì ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́ sílẹ̀ ní New York Blood Center, kí ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀ lè rí i gbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Joanne Kurtzberg ní Duke University fi ẹ̀jẹ̀ báńkì náà tọ́jú ọmọ tí kò bá ẹni tó ni ín tan rárá. Irú ìtọ́jú yìí ti lé ní 40,000 káàkiri ayé.

Àwọn adúláwọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014 fi hàn pé nínú 100 aláìsàn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, nǹkan bí 75 ló lè rí olùtọrẹ tí mùdùnmúdùn rẹ̀ bá tiwọn mu pátápátá. Nínú 100 adúláwọ̀ ibẹ̀, 19 péré ni. Sẹ́ẹ̀lì ọmọ tuntun kì í tètè gbógun ti ara àjèjì, nítorí náà ìtọ́jú náà lè yọrí sí rere bí wọn ò tilẹ̀ bára mu tán.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ inú okùn ìwọ́ kan kì í pọ̀. Ó máa ń tó ọmọdé. Àgbàlagbà sábà máa ń nílò ti ọmọ méjì pọ̀, ara rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò. Ìdí nìyẹn tí àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi fọwọ́ sí Omisirge lọ́dún 2023, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́ tí wọ́n ti mú kí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ pọ̀ sí i ní yàrá ìwádìí.

Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni kan ń gbowó lọ́wọ́ òbí láti tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn pa mọ́ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àrùn àjogúnbá bá mú un lọ́la, àléébù kan náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tọ́jú yẹn. Ibi tí èrè rẹ̀ ti dájú ni ilé tí ọmọ kan ti ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ìyá sì tún lóyún. Bí àbúrò kò bá ní àrùn náà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì bá ti ẹ̀gbọ́n mu, ohun tí wọn ì bá kó dànù pẹ̀lú ibi ọmọ lè wo ẹ̀gbọ́n sàn.