Àgò Onílé: Ìtàn Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti Orúkọ Adó-Àwáyè

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé èmi akéwì, ọmọ Ẹ̀ka Yorùbá, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ èdè C. Ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé ni. Ta ló sì mọ ìyẹn ju ọmọ Yorùbá lọ?

Ní nǹkan bí 1972, Dennis Ritchie ṣe èdè C ní Bell Labs, l'Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi í kọ Unix. Ní 1974, Vint Cerf àti Bob Kahn gbé ìlànà kan jáde nípa bí kọ̀ǹpútà ibì kan ṣe lè bá ti ibòmíràn sọ̀rọ̀. Òun la wá mọ̀ sí TCP/IP. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983 ni ARPANET, bàbá íntánẹ́ẹ̀tì, bọ́ sórí ìlànà yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ C ṣì ní láti rí ẹnu ọ̀nà tó máa gbà dé ibẹ̀. Yunifásítì California ní Berkeley ló ṣí i. Ilé iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà gbówó sílẹ̀; Bill Joy, tó dé Berkeley bí akẹ́kọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Sam Leffler sì wà lára àwọn tó parí rẹ̀. Oṣù kẹjọ 1983 ni 4.2BSD jáde, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà yẹn la ṣì ń tọ̀ dòní.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Onílé ni wọ́n ń pè ní server, àlejò ni client. Onílé ló kọ́kọ́ ń múra. Ó pe socket(), ó ti ní ilẹ̀kùn. Ó pe bind(), ó kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn náà: àdírẹ́sì IP ni agboolé, port ni ojúlé. Ojúlé 80 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wẹ́ẹ̀bù. Ó pe listen(), ó tẹ́tí. Ó pe accept(), ó ń retí. Àlejò pe socket() tirẹ̀, ó wá pe connect().

"Àgò onílé o!"
"Àgò yà, ta nìyẹn?"
"Èmi ni."

Ẹ̀ẹ̀mẹta bẹ́ẹ̀ gan-an ni TCP ń ṣe é: SYN, SYN-ACK, ACK. Lẹ́yìn náà, accept() á fún onílé ní sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, bí ìgbà tí wọ́n mú àlejò wọ yàrá lọ jókòó, tí ẹnu ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n á fi read() àti write() sọ̀rọ̀, close() á sì parí ẹ̀. Bí àlejò bá dé kí onílé tó pe listen(), wọ́n á dá a padà ni.

Nílùú wa, Adó-Àwáyè, adágún Ìyàkẹ́ wà lórí òkè. Kì í sọ̀ kalẹ̀ wá bá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí i ló ń gun òkè lọ. Onílé nìyẹn. Ká wá ní server kan fẹ́ fi orúkọ ìlú yìí dá àlejò lóhùn. Ẹ kà á: lẹ́tà 8, ìlà kékeré àárín 1, ó di 9. Àmọ́ báìtì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbé, kò mọ lẹ́tà. ASCII tó gbòde ní 1983 ní àyè 128 péré. Kò sí "ó" níbẹ̀, kò sí "ẹ". Oṣù kẹsàn-án 1992 ni Ken Thompson àti Rob Pike ṣe UTF-8 tó fún wa láyè: "d" gba báìtì 1, "ó" gba 2, "ẹ" gba 3. Nítorí náà, báìtì 13 ni Adó-Àwáyè. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá sọ fún write() pé 9 ni, "Adó-Àw" ló máa dé ọ̀dọ̀ àlejò, pẹ̀lú ìdajì "á" tí kò ṣe é kà. Orí àmì ohùn gan-an ni ọ̀bẹ bọ́ sí! strlen() ló yẹ kó bi, torí báìtì nìyẹn ń kà.

Ọ̀rọ̀ ta ló jókòó sílé yìí ti ná Nàìjíríà lówó rí. Kí wọ́n tó dá IXPN sílẹ̀ ní 2006, lẹ́tà láti ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan l'Ékòó sí òmíràn l'Ékòó kan náà sábà máa ń gba òkè òkun kó tó padà wálé. Àwa là ń san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀.

Lónìí, àlejò ni ọ̀pọ̀ wa ṣì jẹ́. Connect() la mọ̀. Ẹni tó ń wá ìtàn Ìyàkẹ́, ilé onílé ló ti ń bèèrè, bí onílé yẹn bá sì ṣe kọ orúkọ wa ló ṣe máa gbà á. Bẹ́ẹ̀, server kékeré ní C kò ju ojú ewé méjì lọ, yunifásítì bíi tiwa yìí náà sì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ti jáde. Ẹ jẹ́ ká pe listen() tiwa náà, kí ẹni tó bá ké àgò lè gbọ́ "àgò yà", pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀.