Bí wọ́n ṣe ń pa wáyà rẹ́ nínú fíìmù, tí ẹni tí wọ́n so rọ̀ fi ń dà bí ẹni tó ń fò

Nínú fíìmù Crouching Tiger, Hidden Dragon, èyí tí Ang Lee darí, tó sì jáde lọ́dún 2000, ìjà kan wà tí Chow Yun-fat àti Zhang Ziyi jà lórí igi ọparun. Ṣóńṣó igi náà gan-an ni wọ́n dúró lé, tí ọparun ń fì wọ́n síhìn-ín, tó ń fì wọ́n sọ́hùn-ún, bí ẹyẹ. Ẹni tó bá wo eré náà kò ní í rí okùn kankan. Àmọ́ wáyà irin ló gbé àwọn òṣèré náà dúró, kíréènì ló sì di wáyà ọ̀hún mú láti òkè. Ẹ̀yìn tí wọ́n ya eré náà tán ni àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pa gbogbo wáyà yìí rẹ́ lójú àwòrán.

Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ tàbí àféèrí tó wọ́pọ̀ nínú fíìmù Yorùbá. Bí babaláwo inú eré bá pe ọfọ̀, tó sì pòórá, kò sí wáyà níbẹ̀ rárá. Kámẹ́rà dúró gbagidi lójú kan, wọ́n pa á, òṣèré kúrò níbẹ̀, wọ́n sì tún tan kámẹ́rà. Wọ́n so apá méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ parí. Ẹni tó bá fẹ́ fò lójú kámẹ́rà ni kò rí irú ọ̀nà àbùjá bẹ́ẹ̀, nítorí ohun kan gbọ́dọ̀ gbé e.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n máa ń lò. Wọ́n á kùn ún ní àwọ̀ tó jọ ti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì ṣọ́ bí iná ṣe ń tàn sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí The War of the Worlds, tó jáde lọ́dún 1953, fi hàn bí ọgbọ́n yìí ṣe lè dani. Wáyà ni wọ́n fi so àwọn ọkọ̀ ogun àwọn ẹ̀dá tó wá láti Mars rọ̀, eré náà sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar nítorí àrà tí wọ́n fi ṣe é. Lára ẹ̀dà Technicolor tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ wò, wáyà náà kò hàn. Nígbà tí wọ́n wá tẹ ẹ̀dà mìíràn lẹ́yìn náà sórí irú fíìmù tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ, wáyà yọ kedere, ọ̀pọ̀ sì rò pé àwọn tó ṣe eré náà ni kò mọṣẹ́. Ẹ̀bi wọn kọ́. Lọ́dún 2018 tí wọ́n tún eré náà ṣe, wọ́n fi kọ̀ǹpútà pa wáyà ọ̀hún rẹ́.

Ìṣòro tó tóbi jù ni ti ẹ̀mí. Wáyà tó tín-ín-rín débi tí ojú kò fi rí i, kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn fi ara rọ̀ sí lókè fíofío. Nínú Terminator 2 tí James Cameron ṣe lọ́dún 1991, alùpùpù kan fò bọ́ sínú kòtò àgbàrá ńlá ní Los Angeles, tòun ti ẹni tó gùn ún. Wáyà tó ki pọ́pọ́ ni wọ́n fi so ó, kò sì sí ẹni tó rí i nínú eré, nítorí kọ̀ǹpútà ti pa á rẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń so òṣèré rọ̀ kò ní láti bẹ̀bẹ̀ fún wáyà tó nípọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe nínú The Matrix lọ́dún 1999, níbi tí Yuen Woo-ping, ẹni kan náà tó ṣètò ìjà orí ọparun, ti kọ́ àwọn òṣèré ní ìjà orí wáyà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Kí òṣèré tó dé ojú ibẹ̀ tàbí lẹ́yìn tó bá kúrò, wọ́n á ya ibẹ̀ lófìfo. Àwòrán òfìfo yìí ni wọ́n máa ń gé díẹ̀díẹ̀ bo ojú wáyà. Bí kámẹ́rà kò bá mira, iṣẹ́ rọrùn. Bó bá ń rìn, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa tọ ipasẹ̀ ìrìn rẹ̀, kí àlẹ̀mọ́ náà má baà yẹ̀. Nígbà tí kò bá sí àwòrán òfìfo, wọ́n á yá ohun tó wà lẹ́yìn wáyà láti inú àwòrán tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwòrán 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan nínú sinimá. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ti di 240. Bí àtúnṣe ọ̀kan kò bá bá ti èkejì mu, ibẹ̀ á máa ṣẹ́jú pìrìpìrì, ojú òǹwòran á sì lọ síbẹ̀ kíá.

Ibi tó ń dá wọn lágara jù ni ibi tí wáyà bá gba iwájú ojú, irun, èéfín tàbí omi kọjá, nítorí àwọn wọ̀nyí kì í dúró sójú kan. Wáyà tún máa ń ní òjìji nílẹ̀ àti àwòrán nínú gíláàsì, ó sì máa ń fa aṣọ sókè níbàdí. Ẹni tó bá pa wáyà nìkan rẹ́ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Lónìí, kọ̀ǹpútà tó wà nílé lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 2019 ni After Effects ti ní irinṣẹ́ tó ń fúnra rẹ̀ wá ohun tí yóò fi dí àlàfo. Síbẹ̀, kò ní í ràn èèyàn lọ́wọ́ tó ohun tí wọ́n ṣe lójú ibi tí wọ́n ti ń ya eré: kí wọ́n ya ibẹ̀ lófìfo kí wọ́n tó tú kámẹ́rà, kí àwọ̀ wáyà yàtọ̀ sí ti aṣọ, kí wọ́n má sì jẹ́ kó dábùú ojú òṣèré. Bí òṣèré bá sì rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, yóò ṣì máa mì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wáyà bá ti lọ.