Ìtàn Èkó Kò Bẹ̀rẹ̀ ní Pópó Àgùdà

Àwọn tó ń mú àlejò fẹsẹ̀ rìn káàkiri Èkó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Pópó Àgùdà, ibi tí àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Brasil tẹ̀ dó sí. Ó dára, àmọ́ àárín ìtàn nìyẹn. Àwọn Àwórì ní láti Ìṣẹrì, létí odò Ògùn, ni àwọn ọmọ Ọlọ́fin, aṣáájú wọn, ti sọ̀ kalẹ̀ dé Ìdó. Ilẹ̀ Àwórì sì ni Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ẹnì kan lè ní kò sí ilé àtijọ́ níbẹ̀. Lóòótọ́, ògiri amọ̀ kì í pẹ́ bíi bíríkì, èrò sì ti bo Alímọ̀ṣọ́: ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ níbẹ̀. Síbẹ̀ ààfin wà, ọjà wà, orúkọ ìdílé onílẹ̀ sì wà lára ọgbà, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ. Àwọn àgbà ìdílé wọ̀nyẹn ni ká gbà ṣe afinimọ̀nà, ká sì sanwó iṣẹ́ wọn.