Ojú Atẹ́gùn

Lálẹ́ ọjọ́ kan, òjò fẹ́ wọ yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo ké sí ẹni tí a jọ ń gbé pé, "Jọ̀ọ́, ti wíńdò yẹn!" Kò tì í. Ó ní, "Fèrèsé ló ń jẹ́. Irú yín lẹ ń ba Yorùbá jẹ́." Omi rin bẹ́ẹ̀dì mi gbingbin, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí. Ni mo bá lọ tú ìdí wíńdò.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wíńdò kì í ṣe ọmọ bíbí inú Gẹ̀ẹ́sì rárá! Lọ́dún 793, àwọn Viking gun ọkọ̀ ojú omi wá kó ilé ìsìn Lindisfarne. Nígbà tó di 876, wọ́n ti pín ilẹ̀ Northumbria láàárín ara wọn, wọ́n ń dáko níbẹ̀. Èdè wọn ló ní vindauga: vindr ni atẹ́gùn, auga ni ojú. Ojú atẹ́gùn! Àwa náà kúkú ní ojú abẹ́rẹ́ tí kì í ríran. Gẹ̀ẹ́sì ti ní ēagþyrl tẹ́lẹ̀, ihò tí ojú ń gbà wo ìta, ṣùgbọ́n àlejò lé onílé jáde.

Gírámà auga gan-an dùn. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, augu ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí ní Iceland dòní. Ní Sweden, öga ni ọ̀kan, ögon ni méjì. Ìparí -on yìí ṣọ̀wọ́n lédè wọn. Öron, ìyẹn etí, wà lára àwọn tó ṣì ní in. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi the ṣáájú, àwa á ní "ojú náà", Sweden náà á fi tiwọn sẹ́yìn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn: ögat.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Sweden fúnra wọn ti pa ojú atẹ́gùn tì. Fönster ni wọ́n ń sọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì ni wọ́n ti yá a, Jámánì sì yá tirẹ̀ lára Látìn, fenestra. Denmark ló ṣì ní vindue, Norway ní vindu.

Mo rò ó fún ẹnìkejì mi. Mo ní, "Ṣé o rí i? Kò sẹ́ni tí kì í yá ọ̀rọ̀." Ó ní, "Ó dáa, ta ló ń sọ ēagþyrl lónìí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà, fèrèsé ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ wíńdò létí mi, mi ò ní bú u o, màá kọ́kọ́ bá a tì í.