Eyín Eléèkàn àti Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Ẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ ìmọ̀ ìtọ́jú eyín, ohun tí ẹnu ń ṣe ni kó kọ́kọ́ wò kó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Wo àpẹẹrẹ kan: ní ọdún 1965, ní Gothenburg ní ilẹ̀ Swídìn, dókítà kan tó ń jẹ́ Per-Ingvar Brånemark fi irin títáníọ̀mù sínú egungun àgbọ̀n ọkùnrin kan, egungun náà sì dì mọ́ irin ọ̀hún pinpin. Nígbà tó fi di 2002, àwọn onímọ̀ tó pàdé ní Yunifásítì McGill, ní Montreal, ti fẹnu kò pé eyín àtọwọ́dá tó jókòó lórí irin méjì bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ fi lọ ẹni tí kò ní eyín kankan mọ́ ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Àwọn kan lè fẹ́ pe irin náà ní ohun àgbìn. N kò fara mọ́ ọn. Ohun tí a bá gbìn, a ń retí kó hù ni; èyí kì í hù, kì í ta gbòǹgbò, egungun ló ń wá bá a. Èèkàn ni: à ń kàn án mọ́lẹ̀, a sì ń so nǹkan mọ́ ọn kí ó má baà ṣí kúrò. Eyín orí rẹ̀ di eyín eléèkàn.

Dókítà lè ní ká kúkú yá ímpílánǹtì lò. Ọ̀rọ̀ àyálò kò burú, a ò lè wá orúkọ ìbílẹ̀ fún títáníọ̀mù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ lu egungun rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń fọwọ́ sí, èèkàn sì ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Bákan náà ni ti jíjẹ. Àwọn olùwádìí a máa fún èèyàn ní ẹ̀pà tàbí kárọ́ọ̀tì, wọn á ka iye ìgbà tó rún un, onítọ̀hún á tu ú jáde, wọn á wá fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí wọ́n lè mọ bó ṣe kúnná tó. Ìjẹun gbòòrò jù fún èyí (ẹni tó ń mu ẹ̀kọ náà ń jẹun). Ohun tí ìyá ń sọ fọ́mọ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ̀n: jẹ ẹ́ kúnná kó o tó gbé e mì. Ìjẹkúnná ló bá a mu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìtẹ́lọ́rùn, nígbà tí a bá fẹ́ bi aláìsàn bí eyín rẹ̀ ṣe rí lára rẹ̀. Láàárín wa, ìwà rere ni. Bi àgbàlagbà pé, "Ṣé ẹ ní ìtẹ́lọ́rùn?", ọpẹ́ ni yóò fi dá ọ lóhùn, bí oúnjẹ tilẹ̀ ń há sábẹ́ eyín náà tí erìgì sì ń ta á. Bi í pé, "Ṣé eyín yìí tẹ́ yín lọ́rùn?", yóò ròyìn eyín. Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ń gbé èèyàn wò, ti èkejì ń gbé eyín wò. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ohun tí asẹ́ fi hàn àti ohun tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ kì í fìgbà gbogbo bára mu: ẹlòmíì ò jẹ ẹ̀pà kúnná rárá, síbẹ̀ ó fẹ́ràn eyín rẹ̀ torí kì í yọ bọ́ tó bá ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè fún ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí eyín ṣáájú nínú gbólóhùn yín.