Idlewild: Adágún Tí Àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà Ti Rí Ìsinmi

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí ó bá ti ẹnu iṣẹ́ dé a máa wá ibi tí yóò nà sí, tí atẹ́gùn yóò ti fẹ́ sí i lára. Ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí ó ní owó ìsinmi, tí ó sì ní àyè ìsinmi, ṣe nígbà tí àwọn ará ìlú bá ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan omi nítorí àwọ̀ ara rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìdáhùn tí wọ́n fún un ṣì wà títí di òní, ní ìlú kékeré kan létí adágún ní ìpínlẹ̀ Michigan. Idlewild ni orúkọ ìlú náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Chicago ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 1919, ni yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ènìyàn dáadáa. Ooru mú púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan, Eugene Williams, ẹni ọdún 17, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣeré lórí igi tí wọ́n dì pọ̀, tí ó léfòó lórí Adágún Michigan. Kò sí òfin tí ó pín etí omi Chicago fún ẹ̀yà kan, ṣùgbọ́n àṣà ti fa ìlà tí ojú kò rí: àwọn òyìnbó ní apá kan, àwọn adúláwọ̀ ní apá kejì. Omi gbé àwọn ọmọ náà kọjá ìlà yìí. Òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò sí wọn. Eugene Williams rì, ó sì kú. Ọlọ́pàá tí ó wà níbẹ̀ kọ̀ láti mú ẹni tí ó sọ òkò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro, ó sì gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí yóò fi rọlẹ̀, ènìyàn 38 ti kú, adúláwọ̀ 23 àti òyìnbó 15. Àwọn tí ó fara pa lé ní 500.

Eré omi lásán ni ọmọ náà lọ ṣe. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ibi ìgbafẹ́ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nìkan fún àwọn adúláwọ̀ ìgbà náà. Dókítà, agbẹjọ́rò, olùkọ́, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá pọ̀ láàrin wọn ní Chicago, Detroit àti Cleveland. Wọ́n ní owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìtura etí omi kì í gbà wọ́n.

Àwọn òyìnbó kan ni ó kọ́kọ́ rí ọjà nínú àìní yìí. Ní ọdún 1912, àwọn tọkọtaya òyìnbó mélòó kan, tí ìdílé Branch wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó éékà 2,700 ní agbègbè Lake County, ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá Michigan. Àwọn agégẹdú ti gé àwọn igi páìnì ńláńlá ibẹ̀ tán ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, kò sì dára fún oko dídá. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ kò fẹ́, tí agégẹdú ti lò tán, kì í wọ́n. Adágún tí ó mọ́ gaara sì wà láàrin rẹ̀. Ilé iṣẹ́ wọn, Idlewild Resort Company, gé ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì kéékèèké, ẹsẹ̀ bàtà 25 ní ìbú àti 100 ní gígùn, wọ́n sì ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dọ́là 35. Ẹni tí kò lè san án lẹ́ẹ̀kan náà ń san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn adúláwọ̀ fúnra wọn ni ilé iṣẹ́ náà fi ṣe aṣojú ní àwọn ìlú ńlá, tí wọ́n ń polówó ilẹ̀ fún ará àti ọ̀rẹ́.

Orúkọ tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ìlú náà gbọ́ ni ti Dókítà Daniel Hale Williams. Òun ni ó dá Provident Hospital sílẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1891. Ní ọdún 1893, ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún nítòsí ọkàn, ọkùnrin náà sì yè. Iṣẹ́ abẹ náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ó yọrí sí rere. Williams ra ilẹ̀ létí adágún Idlewild, ó kọ́ ilé síbẹ̀, ó sì ta pulọ́ọ̀tì fún àwọn ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ó fẹ̀yìn tì sí, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní ọdún 1931. Madam C. J. Walker, obìnrin tí ó fi òwò ìpara irun di olówó, ra ilẹ̀ níbẹ̀. W. E. B. Du Bois náà rà, ó sì kọ̀wé nípa ẹwà ìlú náà nínú ìwé ìròyìn The Crisis ní ọdún 1921.

Kí ni àwọn àlejò wá ń ṣe ní Idlewild? Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe létí omi ni. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń tu ọkọ̀ kékeré, wọ́n ń fi ìwọ̀ pa ẹja láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ń gun ẹṣin gba inú igbó. Ní ìgbà tí ewé bá ń wọ́, àwọn ọdẹ a máa lé àgbọ̀nrín. Ní erékùṣù kékeré tí ó wà nínú adágún náà, wọ́n kọ́ àwọn yàrá onípákó tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò fúnra wọn fi ń pè wọ́n ní ilé ajá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò lé wọn jáde níbẹ̀.

Ìrìn àjò dé ibẹ̀ ni ó le. Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ láti Chicago tàbí Detroit ní láti di oúnjẹ rẹ̀ láti ilé, torí pé ilé oúnjẹ ojú ọ̀nà lè kọ̀ láti tà fún un. Láti ọdún 1936, ìwé kan wà tí Victor Hugo Green, akólẹ́tà kan tí ó ń gbé ní Harlem, ń tẹ̀ jáde. Ó ń tọ́ka sí àwọn ilé ìtura àti ilé oúnjẹ tí ó ń gba adúláwọ̀. Green Book ni wọ́n ń pè é, Idlewild sì wà nínú rẹ̀.

Ní àárín ọ̀rúndún ogún, àlejò tí ó ń wá ní ìgbà ooru tó 25,000. Bí ilẹ̀ bá ṣú, eré a bẹ̀rẹ̀ ní Paradise Club àti Flamingo Club. B. B. King, Della Reese, Jackie Wilson àti àwọn Four Tops wà lára àwọn tí ó kọrin níbẹ̀. Arthur Braggs, tí ó ń ṣe alákòóso Paradise Club, tún ń kó àwọn òṣèré rẹ̀ lọ káàkiri àwọn ìlú mìíràn.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí Òfin Ẹ̀tọ́ Aráàlú. Láti ọjọ́ náà, ilé ìtura kankan kò ní ẹ̀tọ́ láti lé àlejò nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́gun ńlá ni, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí ó ṣí níbòmíràn ni ó sọ Idlewild di ahoro. Àwọn tí wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀ gba Miami àti Las Vegas lọ. Àwọn olórin rí gbọ̀ngàn tí ó tóbi jù, tí owó rẹ̀ sì pọ̀ jù. Àwọn ilé ìtura tì pa, igi hù nínú ọ̀pọ̀ ilé. Kò sí ẹni tí ó lè dá àwọn tí ó lọ lẹ́bi, nítorí ẹ̀tọ́ láti lọ sí ibi tí ó wu ènìyàn ni wọ́n jà fún. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n fi gbogbo owó wọn kọ́ ilé ìtura àti ilé ìtajà ni ó san apá kan nínú iye òmìnira náà.

Ìlú náà kò parẹ́. Ní ọdún 1979, ìjọba Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè. Àlejò tí ó bá dé ibẹ̀ lónìí yóò rí ilé ìtàn àti àṣà tí ó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Adágún náà ṣì wà fún ìlúwẹ̀ẹ́ àti ọkọ̀ títù. Igbó ọba Manistee yí i ká, fún ẹni tí ó fẹ́ rìn tàbí tí ó fẹ́ pàgọ́. Odò Pere Marquette kò jìnnà, àwọn apẹja sì mọ̀ ọ́n dáadáa: agbègbè Baldwin, ìlú tí ó múlé gbè é, ni wọ́n ti kọ́kọ́ da ẹja brown trout sí odò Amẹ́ríkà ní ọdún 1884. Nígbà òtútù, àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ orí yìnyín sáré gba ojú ọ̀nà igbó.

Yorùbá ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òwe náà dára fún ìlàjà. Ṣùgbọ́n ní Idlewild, eré gan-an ni ọ̀rọ̀ àná. Ọmọ tí ó bá bẹ́ sómi níbẹ̀ lónìí, tí kò bẹ̀rù òkò ẹnikẹ́ni, ń jẹ ogún àwọn tí ó fi dọ́là 35 ra àyè láti sinmi.